Oòrùn Agogo Mẹ́rin: Bí Mo Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn-àjò Àlàájá sí Lọ́ńdọ̀nù

Àlàájá, ìyá mi, ti ń ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Balógun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò sì rántí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì àfi ọdún tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yìí ni ìyàwó àbúrò mi bí ọmọkùnrin làǹtìlanti ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí fóònù ni Àlàájá ti wo ìsọmọlórúkọ, orí fóònù náà ni wọ́n ti ń ki ọmọ ní oríkì lálaalẹ́, títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, tí wọ́n wò mí lójú, tí wọ́n ní, "Ṣé inú èyí ni mo ti máa pọ̀n ọ́n?" Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sì ti dé ìlú náà rí nínú àwa tó wà nílé. Bí ètò ìrìn-àjò ṣe já lé mi léjìká nìyẹn.

Gbogbo ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ní kí a dúró di oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje, nígbà tí ara bá ti móoru nílẹ̀ Òyìnbó. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìsọ̀ ní Balógun nìkan ló lè gbà á. Láti oṣù Kẹwàá ni ọjà ti máa ń gbóná nítorí ìgbéyàwó àti ọdún. Ẹni tó bá wá ti ìsọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, oúnjẹ ọdún kan ló dà nù. Bí oṣù Kìn-ín-ní bá wọlé, àwọn oníbàárà ti náwó tán, owó ilé ìwé ọmọ ni wọ́n ń wá kiri, ọjà á sì pa rọ́rọ́. Ìparọ́rọ́ yẹn kì í pẹ́, nítorí ààwẹ̀ Rámádánì, tó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti ọdún tó kọjá, ti dé oṣù Kejì báyìí, àwọn tó fẹ́ rán aṣọ ìtúnu sì máa ń wá léèsì wọn kí ààwẹ̀ tó mú. Àlàájá kò sì gbà láti gba ààwẹ̀ lẹ́yìn odi. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àsàlátù ń retí àwọn. Àyè tó ṣẹ́ kù fún wa kò ju láti ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kìn-ín-ní sí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kejì lọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá géérégé, tí í ṣe àárín gbùngbùn ìgbà òtútù ní Ìlú Ọba.

Òtútù yìí ni gbogbo ayé wá ń fi dẹ́rù bà wá. Aládùúgbò wa kan ní Sùúrùlérè, tí kò tíì kọjá Kútọnu rí, sọ fún Àlàájá pé etí ènìyàn a máa já bọ́ níbẹ̀. N kò ní parọ́ pé òtútù kò sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù a máa wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òru rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀ dé 3 tàbí 2, èyí tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí inú fìríìjì tí a ń kó ẹ̀fọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, bí ọyẹ́ bá mú wa dé 21 péré ní Èkó, súwẹ́tà ni gbogbo wa ń wá. Ṣùgbọ́n òtútù ní ẹ̀rọ̀, aṣọ sì ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Yìnyín pàápàá kì í sábà dúró nílẹ̀ ní ìlú náà. Òjò wínníwínní àti afẹ́fẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́gun tèmi nígbà tí mo lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òkùnkùn, kò sì sí ẹnì kan tó kìlọ̀ rẹ̀ fún mi.

Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ìdí nìyí tí ọ̀sán àti òru wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ọdún dé ọdún, tí oòrùn sì ń wọ̀ láàárín agogo 6:30 sí nǹkan bí agogo 7, ì báà ṣe ìgbà ọyẹ́ tàbí ìgbà òjò. Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ wà ní ìwọ̀n 51.5. Nígbà tí ayé bá fi apá àríwá rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn fún oòrùn ní oṣù Kejìlá, ọ̀sán ibẹ̀ a máa kéré débi pé, ní ọjọ́ 21 oṣù náà, agogo mẹ́jọ àárọ̀ á ti lù kí oòrùn tó yọ, á sì ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó pé. Gbogbo rẹ̀ kò pé wákàtí mẹ́jọ, ìkùukùu sì tún ń bo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Èmi ọmọ Èkó, tí mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni ìgbádùn ń bẹ̀rẹ̀, kọ orúkọ ibi mẹ́fà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ilẹ̀ kò sì tètè mọ́. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo jáde ní agogo méjìlá, mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí n óò fi dé etí odò Thames, níbi tí mo ti ń ro irú fọ́tò tí n óò yà láti àárọ̀, agogo mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀ sì ti ṣú bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná. Àwọn fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Dúdú ni gbogbo wọn, ẹyinjú mi méjì ló ń dán níbẹ̀.

Ti ọjọ́ Kérésìmesì ló tún wá burú jù. Àbúrò mi, tó ń gbé ní Abbey Wood, ní kí n wá jẹ ìrẹsì. Ilé ìtura kékeré kan ní Woolwich ni mo wọ̀ sí, ọ̀nà náà kò sì jìn bí bọ́ọ̀sì bá wà. Mo dúró ní ibùdókọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan mo ń sọ ìkejì kalẹ̀, láìrí kẹ̀kẹ́ láìrí mọ́tò. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fa ajá kékeré tí wọ́n wọ súwẹ́tà pupa fún kọjá lọ, ó tún padà wá, ó bi mí bóyá bọ́ọ̀sì ni mò ń dúró dè. Nígbà tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mi orí bí ẹni ń ṣèdárò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ náà kì í ṣiṣẹ́. Ìlú tí èrò ibẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án á kó ọkọ̀ èrò rẹ̀ pamọ́ fún odidi ọjọ́ kan! Ní Èkó, ọjọ́ ọdún gan-an ni ọlọ́kọ̀ dánfó ń pawó, ta ni yóò rò ó pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn? Mo fẹsẹ̀ rìn gba Plumstead kọjá fún ohun tó lé ní wákàtí kan, nínú bàtà tí mo rà fún òde àríyá. Nígbà tí mo dé, ìrẹsì ti tutù, àbúrò mi sì ti bú sẹ́rìn-ín kó tó ṣílẹ̀kùn tán.

Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó ti ètò Àlàájá, oòrùn ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí n tó kọ owó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní, oòrùn á yọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí agogo 7:55, á sì wọ̀ ní nǹkan bí agogo 4:30. Nígbà tí a bá fi di ọjọ́ 3 oṣù Kejì, á máa yọ ní nǹkan bí agogo 7:35, á sì máa wọ̀ ní nǹkan bí agogo 4:55. Bí a bá fi èyí wé ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọ̀sán á ti fi wákàtí kan ààbọ̀ gùn sí i kí a tó padà sílé. Ọjà Balógun ló yan ìgbà náà fún wa, àṣé ó mọ̀ ọ́n yàn.

Ìrun ló wá sọ ìṣirò náà di iṣẹ́ gidi. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, Àyìlá á wọlé níbẹ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá díẹ̀, Alásàrì á tẹ̀ lé e ní nǹkan bí agogo 2:15, Mọ̀gàríbì á sì ti dé kí agogo márùn-ún tó lù. Ìrun mẹ́ta ni wọ́n kó sáàárín wákàtí márùn-ún bẹ́ẹ̀. Àlàájá kì í jáfara nídìí ìrun, orúnkún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n kírun níbi tí kò bá sí àga. Mo pinnu pé ìjáde kan ṣoṣo ni a ó máa ṣe lójúmọ́: kí a kúrò nílé ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, kí a sì ti padà wọlé kí Alásàrì tó di ìkánjú. Ohunkóhun tí kò bá nílò oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ni yóò dúró dè. Ẹlòmíràn lè ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kéré jù fún owó tíkẹ́ẹ̀tì; irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì mú ìyá tó lé ní ọgọ́ta ọdún rìn ní ìlú àjòjì.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn ará wa tó wálé wá ṣọdún ní oṣù Kejìlá ló ń padà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù Kìn-ín-ní, àyè inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ á sì wọ́n bí ojú. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó máa ń rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tún wà níbẹ̀, nítorí eruku rẹ̀ lè dí ojú òfuurufú débi pé ọkọ̀ kò ní lè gbéra tàbí balẹ̀ lásìkò. N kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì tí a ó ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú kẹta, owó rẹ̀ ì báà dín. Ìrìn tààrà gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Mo ro ti ọkọ̀ tó ń gbéra lóru, mo rí i pé yóò balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, Àlàájá á sì fi òtútù òwúrọ̀ kùtù bẹ̀rẹ̀ Ìlú Ọba. Ọkọ̀ ọ̀sán ni mo mú. Yóò balẹ̀ lálẹ́ ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibùsùn ló kàn, òkùnkùn kò sì dí ibùsùn lọ́wọ́.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ń lọ tààrà títí dé Abbey Wood, ní ẹnu ọ̀nà àbúrò mi bí ẹni pé ó mọ̀ pé a ń bọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ lọ ni pé líìfìtì tàbí ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn wà ní gbogbo ibùdó rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ibùdó abẹ́ ilẹ̀ ló jẹ́ àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn. Bọ́ọ̀sì náà dára fún olórúnkún, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga. Àwọn bọ́ọ̀sì náà kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014. Káàdì ni èrò ń fi kan ẹ̀rọ, bí o bá sì bọ́ sí bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan, wọn kò ní gba owó kejì. Àlàájá bi mí ta ni yóò wá fún àwọn ní ṣéńjì.

Ti físà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn kì í gba ìwé ẹni tó bá ṣì ku ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó rìn, ìdáhùn a sì máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìtẹ̀ka. Ìparí oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ fi ìwé sílẹ̀, kí ti oṣù Kejìlá má baà bá wa níbẹ̀. Ìwé tí báńkì fi ń ṣàlàyé owó Àlàájá ló gùn jù, nítorí ẹni tó ń ṣòwò lójoojúmọ́, owó rẹ̀ ń wọlé ó ń jáde bí èrò Ìdúmọ̀tà.

Aṣọ ni Àlàájá fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ra kóòtù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní aláṣọ kì í ra aṣọ tí kò fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a lọ sí Yábàá, sọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tejúòṣó. Kóòtù òtútù ń bá béèlì wá láti àwọn ìlú tí wọ́n ti nílò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ nínú oòrùn wa, àfi àwọn tó ń lọ. Obìnrin tó ń tà á fa ọ̀kan yọ láti abẹ́ òkìtì, aláwọ̀ ewé dúdú, ó gùn dé orúnkún, òórùn kàfúrà ń jáde lára rẹ̀. "Àlàájá, ẹ wọ̀ ọ́ wò, bí ẹni ń lọ sí ààfin Ọba ni ẹ máa rí." Àlàájá kò dá a lóhùn. Wọ́n yí inú kóòtù síta, wọ́n fi àtàǹpàkò fa ojú rírán abẹ́ apá rẹ̀, wọ́n fa síípù lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fún òwú inú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń yẹ búrẹ́dì wò, wọ́n wá ti ọwọ́ bọ àpò. Tíṣù tó ti gan ni wọ́n mú jáde, pẹ̀lú ẹyọ owó bàbà kan, pẹ́nsì méjì. Wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀wù yìí mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù mí lọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì sọ pẹ́nsì méjì náà sínú pọ́ọ̀sì kí obìnrin yẹn tó lanu. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, n kò sì ní sọ iye tí wọ́n san, nítorí àánú aláṣọ náà ṣe mí.

Kóòtù nìkan kò tó, ó sì lè pọ̀ jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ amúlémóoru ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, nínú ṣọ́ọ̀bù àti nínú ọkọ̀, ẹni tó bá wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo tó nípọn bí mátírẹ́ẹ̀sì á gbọn lóde, á làágùn nínú ilé. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a lè máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ló dára: àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn tó lẹ̀ mọ́ ara, bùbá àti ìró lórí rẹ̀, súwẹ́tà, kí kóòtù tó bò ó. Ní ti etí tí aládùúgbò wa ń bẹ̀rù fún, híjáàbù Àlàájá ti yanjú ìyẹn kí a tó ronú fìlà. Bàtà ni n kò gbà kí a rà ní òkìrìkà. Mo fẹ́ èyí tí omi kò ní wọ̀, tí àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

Fún ìjáde, mo kọ́kọ́ fi mọ́sálásí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Old Kent Road sí ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀sì 53 tó ń gbéra láti Plumstead ń kọjá ní ojú ọ̀nà náà. Mo fi Peckham sí i, kí wọ́n rí bí a ṣe ń ta iṣu àti ẹ̀fọ́ nínú òtútù. Mo fi etí odò Thames sí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, láti gbẹ̀san. Ọjọ́ Jímọ̀ kejì ni mo fi sí British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, nítorí wọn kì í tì í títí di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àtiwọlé. A lè kírun Jímọ̀ nítòsí ilé, kí a sinmi, kí a wá fi òkùnkùn tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn lọ síbẹ̀. Ibùdó Elizabeth line ní Tottenham Court Road ni a ó ti bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníje ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924. Kí a wọ ọkọ̀ òfuurufú kí a tó rí orí Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí n óò sọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo tí oṣù Kìn-ín-ní gbà lọ́wọ́ wa ni ìmọ́lẹ̀ ọdún. Láti 1954 ni wọ́n ti ń tan irú rẹ̀ ní Regent Street, láti 1959 ní Oxford Street, Àlàájá sì ń wò ó lórí fóònù bí ẹni tó ń wo eré. Wọ́n á ti tú u kí a tó dé. Mo fi Piccadilly Circus dípò rẹ̀, níbi tí àwòrán ìpolówó gàgàrà ti ń tàn láti ọdún dé ọdún.

Ẹrù kù díẹ̀. Kìlíṣí tí Àlàájá ti fẹ́ dì fún ọmọ wọn kò lè lọ, nítorí wọn kò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran tàbí wàrà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. A jà díẹ̀ lórí èyí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn yóò wà nínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà. Mo sì ti ń wá ìwé adójútòfò ìrìn-àjò, nítorí àlejò kì í gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sára páálí kan, ìlà mẹ́rìnlá fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àsìkò oòrùn ní ọwọ́ òsì, ìrun ní àárín, ibi tí a ń lọ ní ọwọ́ ọ̀tún, mo sì gbé e lọ bá Àlàájá ní ìsọ̀. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n yìn mí, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé e. Wọ́n fagi lé Piccadilly. Wọ́n fagi lé etí odò Thames. Wọ́n fi mọ́sálásí sílẹ̀, wọ́n fi Peckham sílẹ̀ kí àwọn lè mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá léèsì níbẹ̀. Nínú gbogbo àyè tó ṣófo, wọ́n kọ "ọmọ", wọ́n tún kọ "ọmọ", títí wọ́n fi dé ọjọ́ Jímọ̀ kejì. Wọ́n dúró lórí ìyẹn.

"Ṣé wọ́n máa ń gbà kéèyàn pọ̀n ọmọ wọbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dá bírò padà fún ọmọ iṣẹ́.